Ẹ̀rúkọ́ àti Orí Tábìlì

Ẹni tó bá dàgbà sí oko mọ̀ pé bí ọkọ́ bá ń yọ lórí ẹ̀rúkọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kì í wá ìṣó. Inú omi ni wọ́n ń rì í sí mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, igi á ti wú, ọkọ́ á sì há gírígírí.

Agbára yẹn náà ló fọ́ tábìlì mi ní Ìyànà Ìyẹsí. Òjò oṣù keje ń rọ̀ nígbà tí kápẹ́ńtà kan bá mi so pákó ìrókò pọ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù, ó sì kan ìṣó yí i ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní mì?"

"Àbúrò, ilé lè wó, eléyìí ò ní mì."

Kò parọ́. Kò mì. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan lóṣù kìíní, ọyẹ́ mú gan-an, a gbọ́ "pàù!" ní pálọ̀. Ó ti là gbọọrọ láàárín.

Igi tó ti gbẹ ṣì ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Ìbú rẹ̀ ló ń wú, tó sì ń sún kì. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Pákó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 lè fi mílímítà 3 tàbí 4 yàtọ̀ láàárín òjò àti ọyẹ́, ìrókò pàápàá, tí kì í yí bí igi mìíràn. Ọyẹ́ ní kó sún, ìṣó ní kó dúró.

N kò bínú sí ẹ̀gbọ́n náà púpọ̀. Plywood ni ọ̀pọ̀ kápẹ́ńtà fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, àwọn tó ṣe é sì ti to awẹ́ rẹ̀ ní òró àti ìbú lé ara wọn, tí ọ̀kan kò fi jẹ́ kí èkejì sún. Ìyẹn, kàn án bó ṣe wù ọ́.

Bàbá àgbà tó tún tábìlì náà ṣe kò fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó mọ́ férémù rárá. Ó gbẹ́ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sínú férémù, ó gé igi kéékèèké bí àtàǹpàkò, ó ṣe ètè sí wọn lẹ́nu. Ètè wọ ojú náà, sìkúrúù sì de ìyókù mọ́ abẹ́ pákó. Pákó kò lè gbéra sókè, ṣùgbọ́n ó lè rìn. Àárín nìkan ló dè pinpin, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè máa sún bákan náà.

Mo rí i pé ètè náà kò wọlé tán, àlàfo díẹ̀ ṣẹ́ kù. Bàbá ní ọyẹ́ la wà. Ká ní òjò ni, òun ì bá tì í wọlé dáadáa, torí pákó á padà fà á jáde.

Lóṣù keje, mo fọwọ́ tọ́ abẹ́ tábìlì. Àlàfo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.