Efinrin Ojú Fèrèsé

Bí aṣọ ènìyàn bá ṣèèṣì gbá efinrin lára, òórùn rẹ̀ á ti dé imú kí onítọ̀hún tó yíjú wò ó. Inú òórùn yẹn ni agbára ewé náà wà. Àpò òróró tín-ín-tìn-ín ló kún ojú ewé rẹ̀. Bí a bá fọwọ́ ra á, wọ́n á bẹ́, òróró inú wọn á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Thymol ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú òróró efinrin ilẹ̀ wa. Nínú àwọn ẹ̀yà mìíràn, eugenol ni, èyí tó fún kànáfùrù ní òórùn tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú yàrá àyẹ̀wò pé méjèèjì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ lára ewé tí a ti já. Èyí tó ti sùn nínú àpò láti oko dé Ojúwòyè ní Mushin tàbí Bódè n'Ìbàdàn, tí oòrùn tún pa lórí àtẹ, ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo l'Ékòó pàápàá yẹ kó ní efinrin tirẹ̀.

Efinrin kò ṣòroó dá mọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ìdí rẹ̀ á sì le koko bó bá dàgbà. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní méjì-méjì, wọ́n á kọjú síra, etí wọn rí ṣákiṣàki bí ẹnu ayùn. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, oyin sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Àwọn àgbà mọ̀ pé ewé yìí kì í ṣe ohun tí a ń sè títí bí egbò igi. Gbígbo ni wọ́n ń gbo ó: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fọwọ́ gbo ó sínú omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, ẹni tí inú ń run á mu ún. Ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú á da omi gbígbóná lé e lórí, á fi aṣọ borí, á máa fa ooru rẹ̀ símú. Nínú ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ náà, ìgbà tí a bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ ló yẹ ká já a sí i. Ní ti lílé ẹ̀fọn, òórùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa àfi bí a bá ra ewé náà, nítorí náà efinrin ojú fèrèsé kò ní kí ẹnikẹ́ni ká nẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn rẹ̀ kúrò.

Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, quioiô ni wọ́n ń pe efinrin. Àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ kò fi ewé ṣeré. Nínú ìlú ńlá Salvador, Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ilé òrìṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, ṣì ní igbó tirẹ̀ láàárín ilé àti ọ̀nà ọkọ̀. Tí wọ́n bá lè pa igbó mọ́ síbẹ̀, àwa náà lè pa kẹ́ẹ̀gì kan mọ́.

Kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo ń sọ, èyí tí a gé lórí tí a sì dá ihò sí nídìí. N kò fẹ́ garawa ọ̀dà, nítorí òjé ti wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń tà nílẹ̀ yìí. N kò fẹ́ erùpẹ̀ etí gọ́tà pẹ̀lú. Gé ẹ̀ka tí kò tíì yọ òdòdó, já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, kì í bọ ilẹ̀ tútù, kí o gbé e síbi ìbòòji. Bó bá ti rúwé tuntun, gbé e sójú oòrùn. Nígbàkúùgbà tí òdòdó bá fẹ́ yọ, rẹ́ ẹ lórí. Ẹ̀ka méjì ni yóò fi rọ́pò ọ̀kan.

Ewúro náà ń gbé inú kẹ́ẹ̀gì. Ní 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, àwọn olùwádìí rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò dá, tó bó èèpo ẹ̀ka ewúro tó sì ń fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó máa mu omi ewúro, torí ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Abámọdá ló rọrùn jù láti gbìn: ewé kan ṣoṣo tó bá bọ́ sílẹ̀, etí rẹ̀ ni ọmọ ti máa ń hù. Àmọ́ òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó lè da ọkàn láàmú wà nínú rẹ̀, màlúù tó bá jẹ ẹ́ jù lè kú. Síbẹ̀ àwọn kan ń fún omi rẹ̀ sí ìdodo ọmọ tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn ni ti ìdodo. Bí ọmọ bá sì ń yàgbẹ́ gbuuru, omi oníyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú zinc ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí, kí efinrin dúró sínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.