Amúaradàgbà àti Ìwọ̀n Rẹ̀ nínú Oúnjẹ Ẹja Káàpù

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ọ̀rọ̀-ìperí bá sọ ìdajì òtítọ́, ìdajì náà ni ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ amúaradàgbà wò, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún purotéènì. Láti ọdún 1838 ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti ń lo orúkọ tí a fà yọ láti inú èdè Gíríìkì, tí ó tọ́ka sí ohun tí ó wà ní ipò kìíní. Iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe ni Yorùbá fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yìí tètè ń yé ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ṣé bí amúaradàgbà bá ti pọ̀ tó náà ni ara yóò ṣe dàgbà tó?

Káàpù aláràbarà, tí àwọn ará Jàpáànì fi ń ṣe adágún lọ́ṣọ̀ọ́, jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú káàpù jíjẹ tí a sìn ní Panyam, nítòsí Jos, ní àwọn ọdún 1950. Káàpù tí ń dàgbà ń fẹ́ purotéènì tí ó tó nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá tó, ìdàgbàsókè rẹ̀ yóò falẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ara ẹja yóò jó àṣẹ́kù náà bí igi ìdáná, yóò sì tú amóníà sínú omi. Amóníà tí ó pọ̀ a máa pa ẹja. Owó tí a fi ra oúnjẹ náà yóò sì ṣòfò.

Ẹni tí ó mọ ẹní Ògòtún Èkìtì yóò tètè lóye ìdí mìíràn. Ásíìdì àmínò ni ó so pọ̀ di purotéènì. 10 nínú wọn ni káàpù gbọ́dọ̀ rí nínú oúnjẹ. Bí fọ́nrán pupa bá tán lọ́wọ́ ẹni tí ń hun ẹní ọlọ́nà, funfun kò lè parí ọnà náà, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀: purotéènì rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n láísìn rẹ̀ kò tó.

Iye tí a kọ sára àpò oúnjẹ kò fi èyí hàn. Láti ìgbà tí Kjeldahl ti gbé ọ̀nà rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1883, náítírójìn ni a sábà máa ń wọ̀n, tí a ó sì fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Nítorí náà, èrò wa ni pé kí ògbufọ̀ lo purotéènì níbi tí a bá ti ń ka ìwọ̀n, kí olùkọ́ sì fi amúaradàgbà ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara. Bí a bá kọ “amúaradàgbà, ìdá 50” sára àpò, àgbẹ̀ yóò rò pé ìdàgbà ni òun ń rà.