Ayafọ́tò Ìlú: Ìyàtọ̀ Láàárín Ẹni Tó Ń Ṣọ́wó Ná àti Ahun

Bí ọdún Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ Obbo-Ayégúnlẹ̀ tó wà ní Ìlọrin, Èkó, Àbújá àti òkè òkun a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú. Ilé tó ti wà ní títì láti ọdún èṣí a di ṣíṣí. Níjọ́ tí ẹbí bá pé tán, bàbá àgbà a jókòó sórí àga níwájú ilé, ìyá àgbà a jókòó tì í, àwọn ọmọ a tò sẹ́yìn, àwọn ọmọ-ọmọ a jókòó sórí ẹní. Ẹnìkan a wá ní kí wọ́n lọ pe ayafọ́tò. Ayafọ́tò a dé, a kí àwọn àgbà, a sọ iye tó máa gbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú.

"Háà, bọ̀ọ̀dá, ó ti pọ̀ jù! Ṣebí bọ́tìnnì lẹ kàn fẹ́ tẹ̀?"

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbà pé òun ń ṣọ́wó ná ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí nǹkan ti wọ́n, owó kò sì sí níta. Ó sì lè jẹ́ pé ahun ló ń ṣe. Èrò tèmi ni pé iye tí ẹnì kan san kọ́ la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná a máa dín ohun tó fẹ́ gbà kù. Ahun a gba gbogbo rẹ̀ tán, a wá dín ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ kù. Ká tó lè rí ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ó yẹ ká mọ irú ẹni tí ayafọ́tò ìlú jẹ́ àti ohun tó wà nínú owó tó ń pè.

Ta ni ayafọ́tò ìlú?

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí Obbo-Ayégúnlẹ̀ wà, kò sí ayẹyẹ tó lè kẹ́sẹ járí kí ayafọ́tò má dé ibẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè síbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìwúyè, ìṣílé, àti ìdúpẹ́ ọdọọdún àwọn ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń ya páspọ́ọ̀tù tí ọmọ ilé-ìwé ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Òun náà ni wọ́n ń sáré lọ bá bí àgbà bá papò dà.

Kámẹ́rà nìkan kọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ẹni tó yẹ kó wà láàárín àti ẹni tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mọ ìyàwó tó ṣáájú, ó mọ ọmọ tó jẹ́ àrẹ̀mọ, ó sì mọ àbúrò méjì tí kò gbọdọ̀ fara kanra lọ́dún yìí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ti kọ́ gbogbo èyí fún ọdún bíi mélòó kan, kó tó gba fírídọ̀ọ̀mù.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1975, ó sì tẹ ohun tó rí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí ààlà Kwara, ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó rí i pé fọ́tò àgbàlagbà ní ìlànà tirẹ̀. Àgbà a jókòó, a kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, agbádá a tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì a wà lórí orúnkún, ojú méjèèjì a hàn kedere. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbé jáde lọ́jọ́ ìsìnkú. Ipò tí ẹni náà dé láyé ni wọ́n fẹ́ kí fọ́tò náà sọ, kì í ṣe ìrísí ojú rẹ̀ nìkan.

Kí kámẹ́rà tó dé

Ó pẹ́ tí àwọn ará agbègbè yìí ti ń fowó ṣe ohun tí wọn yóò fi rántí èèyàn wọn. Òsì, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Obbo, ni Aréògún ti gbẹ́ igi títí tó fi kú ní 1954. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ ère Ẹpa tó tóbi tó jẹ́ pé orí alágbára nìkan ló lè gbé e. Bándélé, ọmọ rẹ̀, bá Fádà Kevin Carroll ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ọ̀dọ̀ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, sì ti kọ́ṣẹ́ kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tó múlé gbè wọ́n, agbẹ́gilére mìíràn, Bámigbóyè, wà ní Odò-Ọ̀wá. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó fún irú àwọn èèyàn yìí? Bí iṣẹ́ bá tóbi, agbẹ́gilére a lọ gbé lọ́dọ̀ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ àti ibùsùn rẹ̀ wà lára owó iṣẹ́. Onílé tí kò lówó púpọ̀ lè ní kí wọ́n gbẹ́ ère kékeré. Ṣùgbọ́n kò lè ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ńlá, kó wá fún un lóúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Gbogbo ìlú ni yóò gbọ́.

Ohun tó so ère pọ̀ mọ́ fọ́tò jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n a gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa bọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì àti Ìsìláàmù gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé kò gbẹ́ ère mọ́, àmọ́ ìfẹ́ ọmọ tó lọ kò tán lọ́kàn wọn. Sprague rí i pé àwọn ayafọ́tò ti wá ọ̀nà sí i. Bí àwọn ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ayafọ́tò a ya èyí tó wà láyé lẹ́ẹ̀kan, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì ló jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ takọ-tabo, ọmọ tó wà láyé a kọ́kọ́ wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n a yà á. A tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀ tó ti lọ, wọ́n a tún yà á.

Ẹ wo ọgbọ́n ìṣọ́wóná nínú ti ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì yẹn! Fíìmù ẹyọ kan ló gbé ọmọ méjì jáde. Síbẹ̀, kò sí ìyá tó jẹ́ sọ fún ayafọ́tò pé kó gba ìdajì owó nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ló tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní Bamako

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde ọgbọ́n fọ́tò yíyà ní ìlú Paris. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, ń ya fọ́tò l'Ékòó. Jonathan Adagogo Green ń yà á ní Bonny. Herzekiah Andrew Shanu, ọmọ Yorùbá, gbé e dé Congo.

Ẹni tó kọ́ wa ní ìṣọ́wóná jù nínú iṣẹ́ yìí ni Seydou Keïta, ọmọ Mali, tó ṣí ilé ìyafọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní 1948. Fíìmù wọ́n, bébà náà wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ya oníbàárà. Aṣọ tó ń tẹ́ sórí ibùsùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe aṣọ ẹ̀yìn. Ó ní aago ọwọ́, kálámù, rédíò àti kẹ̀kẹ́ tí ẹni tí kò ní lè yá lò. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ ẹ̀ẹ̀kan yẹn, yóò ti tún ọrùn ṣe, yóò ti tún ìka ṣe, yóò ti yí àga sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Ó lé ní 10,000 négétíìfù tó fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 2001, àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé sì ń dù wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Olóyè Solomon Alonge ní Benin, tó ṣí Ideal Photo Studio ní 1942. Iṣẹ́ ààfin ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú pẹ̀lú ìdílé wọn. Lónìí, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ni púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà wà. Àwọn tó sanwó fún un nígbà náà kò mọ̀ pé ìtàn ìlú làwọn ń sanwó fún.

Kí ló wà nínú owó tó ń pè?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "bọ́tìnnì lẹ kàn fẹ́ tẹ̀." Ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan, bíi Canon àti Nikon, ló ń ṣe púpọ̀ nínú kámẹ́rà tí àwọn ayafọ́tò wa ń lò. Dọ́là ló ń sọ iye tí wọ́n ń tà á, náírà sì ti já wálẹ̀ gidigidi láti oṣù kẹfà 2023. Íńkì àti bébà tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò lójú òde náà ń tẹ̀ lé dọ́là. Bí iná kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ni. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àkókò. Wákàtí kan tí ayafọ́tò fi yà yín lè bí wákàtí mẹ́ta nídìí kọ̀ǹpútà, níbi tó ti ń ṣa èyí tí ojú gbogbo yín là nínú rẹ̀, tó ń tún àwọ̀ ṣe, tó ń yọ òjìji kúrò lójú ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀ owó páspọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ti lọ, torí àwọn tó ń ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ń ya èèyàn fúnra wọn, fóònù sì ti sọ gbogbo wa di ayafọ́tò. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ohun tí ẹni tó ń ṣọ́wó ná ń ṣe

Ìdílé tó mọ owó í ná lè jókòó sọ pé: "Agbára wa kò gbé fọ́tò ogún. Ẹ ya márùn-ún fún wa, kí ẹ tẹ ẹyọ kan ní ńlá." Wọ́n lè wọ aṣọ tó wà nílé dípò kí wọ́n dá aṣọ ẹbí tuntun. Wọ́n lè ní kí wọ́n ya àwọn níta láàárọ̀, kí iná àti jẹnẹrétọ̀ má wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè dáwó jọ. Wọ́n lè dúnàádúrà pàápàá, nítorí ọjà la wà, kó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti fẹnu kò, ó parí.

Iṣẹ́ ahun ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ogún ló gbà, márùn-ún ló fẹ́ sanwó fún. A ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp òun kí òun lè ṣà nínú rẹ̀, kò sì ní gbé ìpè mọ́. Ilé kan náà ti pa màlúù, wọ́n ti ra léèsì tí wọn kò ní wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Owó ayafọ́tò nìkan ló wá di ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Èyí dùn mí, nítorí pé irú ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nílùú ló ń lé e lọ sí Èkó, a ó sì tún máa béèrè ìdí tí ìlú fi ń dá páropáro.

Àwọn ayafọ́tò náà ní ẹ̀bi tiwọn. Kò tọ́ kí ẹnì kan ya àlejò tí kò bẹ̀ ẹ́ lójú òde, kó wá máa fi tipátipá gbowó. Ẹni tí kò pe ayafọ́tò kò jẹ ẹ́ lówó, bó bá sì kọ̀ láti rà á, kì í ṣe ahun. Kò sì tọ́ kí wọ́n gbowó tán kí fọ́tò má jáde títí ọdún yóò fi yípo.

Lọ́jọ́ tí àgbà bá lọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ọjọ́ ikú. Ìyá kú láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán wọ́n ti nílò fọ́tò fún pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn ọmọ a tú fóònù wò. Wọ́n a rí ìyá níbi ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni, ní ìlà kejì, ojú rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ. Ayafọ́tò a gé e jáde, a fẹ̀ ẹ́ títí ojú yóò fi ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá wo pósítà náà dáadáa, ẹ ó rí etí gèlè obìnrin mìíràn lórí èjìká rẹ̀, èyí tí kò ṣeé pa rẹ́ tán. Àwọn ọmọ tó ná owó ńlá sórí ìsìnkú ìyá kò ní fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá náà fúnra rẹ̀ jókòó fún.

Nítorí náà ni mo fi ń rọ gbogbo ìdílé tó ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí: nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìpàdé ẹbí lórí ohun tí ẹ ó ná, ẹ kọ owó ayafọ́tò síwájú owó màlúù. Ẹ bá a sọ iye fọ́tò, iye owó, àti ọjọ́ tí yóò kó wọn dé. Ẹ san àsansílẹ̀. Ẹ san ìyókù lọ́jọ́ tó bá kó wọn dé. Ẹ jẹ́ kí ó ya bàbá àti ìyá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó tó ya agbo ilé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, torí fóònù a máa sọnù. Bí owó kò bá tó, ẹyọ kan ti tó. Ẹ sanwó ẹyọ kan náà pé.