Sáà mẹ́ta lọ́dún: Kí ni ọmọ yín ń kọ́ bọ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ òbí, títí kan àwọn tí kò fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí, máa ta kòkó, ta iṣu, ta gàrí, kí wọ́n lè ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti gbé báàgì kọ́ èjìká lóṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ àgbà ilé ni kì í béèrè ohunkóhun mọ́ títí káàdì ìdánwò yóò fi dé lóṣù keje. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ ṣe ipò kẹta tàbí ipò kẹwàá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ gan-an, wọn kò wádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Lọ́dún 2023, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, kéde pé nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, bíi mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn, tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tó rọrùn. Kì í sì í ṣe àwọn tí kò lọ sílé-ìwé nìkan ló wà nínú wọn. Èyí ló fà á tó fi yẹ kí òbí mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ òun.

Iṣẹ́ mélòó ni?

Àjọ NERDC, tó ń ṣe ìwádìí lórí ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣe ìlànà ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2025, ìjọba kéde pé àwọn ti dín iṣẹ́ kù, torí ẹrù ti wọ àwọn ọmọ lọ́rùn jù. Láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta, iṣẹ́ 9 sí 10 ni ọmọ yóò máa ṣe. Láti ìkẹrin dé ìkẹfà, ó di 10 sí 12. Lára wọn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, èdè Nàìjíríà kan, sáyẹ́ǹsì, ìtàn Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, eré ìdárayá àti ìlera, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Àwọn kíláàsì òkè tún ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọwọ́.

Èdè Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí á mú kíláàsì kẹta wò. Ó yẹ kí ọmọ tó wà níbẹ̀ mọ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí ó sì mọ àmì ohùn mẹ́ta, dò, re, mí. Àmì yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko yàtọ̀ sí ọkọ tí ìyàwó ń gbọ́únjẹ fún, kí ó sì mọ ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sọ́jà yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Wọ́n tún ń kọ́ ọmọ ní àlọ́, òwe, àti bí a ṣe ń kí onírúurú ènìyàn. Ọmọ tí yóò kí onídìrí ní "ojú gbooro", tí yóò sì kí aláró ní "àrẹ̀dú", ti kọ́ ohun tí owó kò lè rà. Àwọn àgbà tó ka Aláwìyé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ yóò rántí pé irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n fi là wọ́n lójú.

Ìṣirò

Ní kíláàsì yìí kan náà, ọmọ ti ń kà kọjá ọgọ́rùn-ún. Ó ń kọ́ ìsọdipúpọ̀ dé ẹ̀sán lọ́nà ẹ̀sán, ó ń pín nǹkan sí ìdajì àti ìdá mẹ́rin, ó ń ka aago, ó sì ń ṣírò owó ọjà àti ṣéńjì. Nínú ìwọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ àti ìṣísẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ ọ, kí wọ́n tó mú un dé orí mítà àti lítà.

Ibi tí ìyá àgbà ti lè di tíṣà rèé. Ẹni tó bá ń kà á ní Yorùbá, ìṣirò ló ń ṣe láìmọ̀. Márùndínláàádọ́ta jẹ́ 5 tí a yọ kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ 10 tí a yọ kúrò nínú 60. Ọmọ tó bá mọ èyí láti ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ọjà, àyà rẹ̀ kò ní já bí tíṣà bá kọ àyọkúrò sójú pátákó.

Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yà ara igi, oríṣi ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ń kọ́ ọmọ pé bí omi bá rú, a máa jẹ́ kó tòrò, a ó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà a ó sè é títí yóò fi hó. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé bí álọ́ọ̀mù bá ti mú kí omi tòrò, ó ti tó mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń mú rọlẹ̀; sísè ló ń pa kòkòrò àrùn. Nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́dún 2024, ẹ̀kọ́ kékeré yìí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ pé "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká se omi yìí," kí ẹnikẹ́ni má pè é ní aláfojúdi.

Èdè wo ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn wà. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò nílé-ìwé St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá ṣì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 sì sọ ọ́ di dandan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ abúlé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ni yóò máa jókòó gbọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè tí kò yé e. Ẹrù àlàyé wá di ti ilé.

Ohun tí àgbà ilé lè ṣe

Kò dìgbà tí ènìyàn bá mọ̀wé kó tó lè ran ọmọ lọ́wọ́. Kí ó pe ọmọ jókòó nírọ̀lẹ́, kí ó ní kó ka ìwé sókè, kí ó sì ní kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà. Bí ọmọ bá kà á geere tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹnu lásán ló fi kà á. Kí òbí mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá tíṣà ní sáà kìn-ín-ní, kó má dúró de káàdì ìdánwò sáà kẹta. Kí ó sì máa lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, torí òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 fún un lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ìwé àti àga tí ọmọ rẹ̀ ń lò nílé-ìwé ìjọba.

Àwọn tó wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún báyìí. Àǹfààní tí wọ́n jẹ ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń retí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ yóò ka ohun tó wà lára ìgò oògùn fún bàbá àgbà, bàbá àgbà yóò sì kọ́ ọmọ ní ìtàn ìlú tí kò sí nínú ìwé.