Ẹ̀jẹ̀ inú Sinimá àti Ẹ̀jẹ̀ Gidi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbáà ṣe Gánà ni ẹ ti wá, ìbáà ṣe Nàìjíríà tàbí Tógò, ó dá mi lójú pé kò sí ẹnìkan nínú yín tí kò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà kan sọ pé sinimá ni ó ń ba àwọn ọmọ ìwòyí jẹ́. Èmi pẹ̀lú ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni irú sinimá tí ó yẹ kí olùkọ́ bẹ̀rù, nítorí pé, lójú tèmi, èyí tí ìwà ipá inú rẹ̀ jọ òótọ́ jùlọ kọ́ ni ó burú jùlọ.

Eré kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n pè ní Riverdale. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, ó sì parí ní 2023 lẹ́yìn ìpín méje. Ìtàn àwọn ọmọ ilé ìwé girama kan ni. Ẹnìkan a kú ikú tí kò yé ènìyàn, àwọn ọmọ náà a sì máa tọpinpin ẹni tí ó pa á. Netflix, tí ó dé ilẹ̀ Gánà ní 2016, ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní Bantama, níbi tí àwa márùn-ún ti máa ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Ní òpin ìpín kìíní, ọkùnrin kan tí ó fi aṣọ dúdú bo ojú wọ ilé oúnjẹ kan, ó sì yìnbọn lu Fred Andrews lójú Archie ọmọ rẹ̀. Luke Perry, ẹni tí ó di olóògbé ní 2019, ni ó ṣe Fred. Apá kìíní ìpín kejì, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà 2017, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ gan-an. Ọmọ náà sáré gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ péjọ, wọ́n ń dúró de ohun tí dókítà yóò sọ. Ọta ìbọn kan péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó bà. Kí apá náà tó parí, ẹni tí ó bo ojú náà tún ti pa obìnrin olùkọ́ orin kan tí ó ti kó kúrò ní ìlú.

Ọ̀rẹ́ mi kan láti Lomé fi ọwọ́ bo ojú, ó ní òun kò wò ó mọ́. Màámé onílé wa, tí ó wọlé láti wá béèrè bí a ti ti géètì, jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò sì dìde mọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń bi wá ní èdè Twi: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé bàbá ọmọ náà yóò yè?” Mo dá a lóhùn pé, “Màámé, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí á wò ó ná.” Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, Màámé kan náà ti bá wa wo fíìmù oògùn owó kan, nínú èyí tí wọ́n fi ọmọdébìnrin kan rúbọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ náà nínú gbogbo wa. Iye tí ọkọ̀ tuntun tí ọkùnrin náà rà yóò tó ni a ń jiyàn lé lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ìwà ipá inú rẹ̀ jọ òótọ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú àṣírí ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí ó yẹ kí olùkọ́ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tí ẹ̀rù bá bà. Ẹ̀jẹ̀ inú sinimá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Omi ṣúgà tí ó ki, tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, tí wọ́n sì pa láró pupa, ni wọ́n ń lò jù. Nígbà tí Alfred Hitchcock ṣe fíìmù Psycho ní 1960, omi ṣokoléètì ni ó lò, nítorí pé àwòrán dúdú àti funfun ni fíìmù náà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ìró ọ̀bẹ tí ń wọ ara ènìyàn nínú fíìmù kan náà, ìró ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gún èso bàrà ni. Ẹni tí ó mọ èyí lè rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ẹ̀rù yóò tún bà á nígbà tí ó bá padà wò ó, nítorí ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ń dẹ́rù bani. Ojú ẹni tí ó kù láàyè ni, àti àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ kí á fi wo ojú náà. Ola Rotimi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú The Gods Are Not to Blame, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, ẹ̀yìn ìtàgé ni Ọba Ọdẹ́wálé ti fọ́ ojú ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Gíríìkì ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Nígbà tí ó bá jáde sí wa ni ara wa tó bù máṣọ.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ìwà ipá inú Riverdale jọ òótọ́. Ìbọn ibẹ̀ ń ṣe ohun tí ìbọn ń ṣe: ó ń dá ọgbẹ́ síni lára, ó sì ń gba oorun lójú ọmọ. Ilé ìwòsàn Komfo Anokye wà ní Bantama wa níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lóru mọ irú ojú tí Archie ní.

Fíìmù oògùn owó kò rí bẹ́ẹ̀. Living in Bondage, tí wọ́n ṣe ní èdè Ìgbò ní 1992, ni ó la ọ̀nà náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Andy fi ìyàwó rẹ̀ rúbọ, ó di olówó, lẹ́yìn náà ni ẹ̀mí obìnrin náà wá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn tí ń ṣe irú fíìmù yìí máa ń wí àwíjàre pé, “Ṣebí a fi ìyà rẹ̀ hàn ní ìgbẹ̀yìn!” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣiyèméjì rárá pé owó náà yóò dé. Irọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Inú ohun tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ náà ń bí ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe 2021, ní Kasoa nílẹ̀ Gánà, wọ́n pa ọmọkùnrin kékeré kan. Àwọn ọ̀dọ́langba méjì ni ọlọ́pàá mú, ìròyìn sì sọ pé oògùn owó ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo àwọn tí ń polówó irú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan ní Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú sọ pé orí Facebook ni òun ti kọ́ ọ. Nínú ìròyìn méjèèjì tí mo kà, fíìmù kọ́ ni wọ́n dárúkọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ń ro oko náà sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí irúgbìn náà fi tètè hù? Ní oṣù Èbìbí 2024, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kéde pé àwọn yóò fi òfin de fíìmù tí ń gbé oògùn owó lárugẹ. Mo yọ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò lè tẹ̀lé ọmọ dé ìdí fóònù rẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ní 1965, Albert Bandura ti Yunifásítì Stanford kọ nípa àwọn ọmọdé 66 tí ó fi fíìmù kékeré kan hàn. Nínú rẹ̀, àgbàlagbà kan ń lu ọmọláńgidi ńlá kan. Àwọn kan rí i pé wọ́n fún àgbàlagbà náà ní ẹ̀bùn. Àwọn kan rí i pé wọ́n jẹ ẹ́ níyà. Àwọn yòókù kò rí ẹ̀san kankan. Àwọn tí ó rí ìyà kò fara wé e tó àwọn ìyókù. Títí dé ìhín, àwọn onífíìmù lè máa yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bandura ṣèlérí omi èso àti àwòrán aláràbarà fún àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá lè ṣe ohun tí wọ́n rí, ìyàtọ̀ náà pòórá. Gbogbo wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìyà tí wọ́n rí kò pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́, ó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí èrè fi dé ni.

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní kíláàsì karùn-ún kan ní àdúgbò yìí, mo bi àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n ṣàlàyé fún mi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń di owó: ta ni ń tẹ owó náà, báńkì wo ni ó ti ń jáde? Ọmọkùnrin kan dìde. Ó ní, “Sà, bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, àwọn tí ń fọ ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Gee ìbá ti ra gbogbo ilé Bantama tán.” Gee ni wọ́n ń pe ilé ìwòsàn náà níhìn-ín, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun mọ ẹnìkan tí ó ṣe é tí ó sì di olówó. Mo pa ìwé ẹ̀kọ́ mi dé. A lo ìyókù àkókò wa lórí ọkùnrin náà: iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, ta ni ó rí i, lẹ́nu ta ni ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ni ẹni yẹn náà ti gbọ́ ọ? Nígbà tí agogo lù, a ti ka ènìyàn márùn-ún tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, a kò sì tíì kan ẹnìkan tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.