Ohun Tí Yanrìn Ń Dì Mú

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, nílé wa ní Festac, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlá bi mí bóyá òótọ́ ni pé èèyàn lè fi ojú lásán rí DNA. Mo ní yóò rí i kí a tó jẹun ọ̀sán. A mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan nínú èyí tí a rà lọ́jà Agbójú, a fọ́ ọ sínú abọ́, a bu omi àti iyọ̀ sí i, a wá kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lé e. A rò ó pẹ̀lẹ́ kó má baà hó, a sì sẹ́ ẹ. Sípíríìtì tó ti sùn sínú fírísà mọ́jú ló kù. A rọra dà á gba ẹ̀gbẹ́ ife, ó sì lé sókè omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Láìpẹ́, nǹkan funfun bí òwú tó rin bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọmọ náà fi igi ìtayín wé e jáde, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rá ló bo sẹ́ẹ̀lì. Ọṣẹ ń ká a kúrò bó ṣe ń ká epo pupa kúrò lára abọ́ ọbẹ̀. Iyọ̀ ń jẹ́ kí fọ́nrán DNA lè sún mọ́ra wọn, bí kò sì ṣe lè yòrò nínú ọtí líle bíi sípíríìtì, ó jáde. Àmọ́ mo sọ òótọ́ fún un: ohun tó wé mọ́ igi yẹn kì í ṣe DNA nìkan. Pùrótíìnì wà níbẹ̀, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Bí a ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ láìba DNA jẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń bá yí láti ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún.

Nínú ilé ìdáná ni iṣẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1869, Friedrich Miescher, ọ̀dọ́ dókítà ọmọ Switzerland, ń ṣiṣẹ́ ní Tübingen, ní Jámánì, nínú yàrá ìwádìí tó ti jẹ́ ilé ìdáná ààfin àtijọ́ kan. Ó máa ń gba báńdéèjì tí wọ́n tú lára àwọn tó ní egbò ní ilé ìwòsàn, ó sì ń fọ ọyún kúrò lára rẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ọyún. Ó wá fi omi inú ikùn ẹlẹ́dẹ̀ jẹ pùrótíìnì sẹ́ẹ̀lì náà run. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n se ẹran kó lè tètè rọ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa: oje ìbẹ́pẹ ń gé pùrótíìnì sí wẹ́wẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ife Miescher kò ṣeé gé, phosphorus sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó pè é ní nuclein. Òun ni a mọ̀ sí DNA lónìí.

Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Ní 1987, Piotr Chomczynski àti Nicoletta Sacchi lo omi phenol lọ́nà tí gbogbo rẹ̀ fi ń dúró bí epo àti omi nínú ìkòkò: RNA, ìbátan DNA, á wà nínú omi òkè, DNA á há sí àárín, pùrótíìnì á sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni, ṣùgbọ́n phenol ń bó èèyàn lára, kò sì ṣeé fi ṣeré.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti yanrìn. Ní 1990, Willem Boom àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amsterdam kọ ọ́ jáde pé bí a bá po ìtọ̀ tàbí omi ara ẹ̀jẹ̀ mọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ guanidinium thiocyanate, sẹ́ẹ̀lì á fọ́, DNA àti RNA á sì lẹ̀ mọ́ sílíkà. Sílíkà yìí náà ló pọ̀ jù nínú yanrìn, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe dígí. Ẹ fi ọtí líle fọ ìdọ̀tí kúrò, sílíkà kò ní jọ̀wọ́ ohun tó dì mú. Ẹ wá kán omi tí kò níyọ̀ sí i, á tú u sílẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ní Èkó níbí, ọ̀fọ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, 2012, ọkọ̀ òfúrufú Dana já ní Ìjù-Ìṣàgá. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ó sì pa àwọn kan mọ́lé. Iná ti jó ọ̀pọ̀ òkú kọjá dídámọ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n fi àpẹẹrẹ ara wọn ránṣẹ́ sí fún àyẹ̀wò DNA, àwọn ẹbí sì jókòó ti ọ̀fọ̀ láìrí òkú sin. Mi ò lè gbàgbé ìdúró yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, Gómìnà Akinwunmi Ambode ṣí ilé àyẹ̀wò DNA ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Broad Street. Ọdún mẹ́ta péré ló lò. Nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020, wọ́n bà á jẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọdún kan náà ni Kòrónà dé. Yàrá ìwádìí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ló fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó kó o ní Nàìjíríà múlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ti ka gbogbo àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Ìjọba Èkó ṣètò ibi ìgba-àpẹẹrẹ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 20, Amúwó-Ọ̀dọ̀fin tiwa náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní ìparí oṣù kẹrin, ọ̀gá àgbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, Chikwe Ihekweazu, kéde pé àwọn ń wá ohun èlò tí wọ́n fi ń yọ RNA, tó jẹ́ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà, ní kíákíá. Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá ló ń wá. Púpọ̀ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kò ju ike kékeré tí sílíkà wà nínú rẹ̀ àti ìgò iyọ̀ mélòó kan. Òkè òkun la ti ń retí rẹ̀, gbogbo ayé sì ń dù ú pẹ̀lú wa.

Mo sọ èyí fún ọmọ mi nígbà tí a ń palẹ̀ abọ́ mọ́. Ó bèèrè bóyá irú yanrìn tí wọ́n ń wà létí ọ̀sà lẹ́yìn Festac níbí náà ni. Mo ní irú kan náà ni, àmọ́ wọ́n ní láti fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. “Ṣé a ò lè lọ̀ ọ́ ni, Dádì?” Ìgò sípíríìtì tó fi òwú funfun rẹ̀ sí ṣì wà nínú fírísà wa, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.