Ibi Tí Àìsàn Àgbà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀ ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, tí dókítà ní ọkàn ló daṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí àwọn tó wá kí ilé ń sọ kì í pọ̀. Àwọn kan á ní ọrọ̀ ló pa á, ó ti jẹ ẹran jù. Àwọn kan á ní ti ìdílé wọn ni, bí bàbá rẹ̀ náà ṣe lọ nìyẹn. Àwọn tó kù á ní kádàrá ni. Kò sí ẹni tó máa bèèrè iye kílò tó wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

David Barker ló bèèrè. Onímọ̀ nípa ìtànkálẹ̀ àrùn ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1938, tó sì kú ní 2013. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Uganda lórí egbò Buruli, kó tó kúrò níbẹ̀ lásìkò Idi Amin, tó sì lọ jókòó sí Southampton. Ìbéèrè ìwọ̀n ìkókó yẹn ló gba ìyókù ayé rẹ̀. Irọ́ sì pọ̀ yí ọ̀rọ̀ náà ká, ti àwọn tí kò kàwé àti ti àwọn tó kà á dé góńgó.

Irọ́: Àìsàn olówó ni

Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gbà fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn: bí owó bá ti ń wọlé, tí bọ́tà, ẹran àti ìjókòó sójú kan ń pọ̀ sí i, àrùn ọkàn á tẹ̀lé e wọlé. Barker àti Clive Osmond, oníṣirò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ́ àwòrán ilẹ̀ England àti Wales sílẹ̀ láti wo ibi tí àrùn náà ti ń pa ènìyàn jù. Bó bá jẹ́ àìsàn olówó ni, gúúsù tó rí jájẹ ló yẹ kó ti pọ̀. Àríwá àti Wales, níbi tí òṣì ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ fínra, ni wọ́n ti bá a. Wọ́n wá mú àkọsílẹ̀ ikú ọmọ ọwọ́ ti ọdún 1921 sí 1925, wọ́n gbé e lé e. Àwòrán méjèèjì jọra gan-an. Ibi tí ìkókó ti ń kú nígbà náà ni àwọn tó yè níbẹ̀ ti ń kú ikú ọkàn ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé Lancet ní 1986. Ohun tí Barker kà nínú rẹ̀ ni pé ohun tó ń pa àwọn kan ní kékeré kò jẹ́ kí àwọn tó kù lọ lófo.

Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ kì í jẹ́rìí sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n ń wá, ti ọmọ tó ti di arúgbó. Ibẹ̀ ni Ethel Margaret Burnside ti wọ ìtàn. Ọdún 1911 ló di olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣàbẹ̀wò láti ilé dé ilé ní Hertfordshire, ó sì ń bójú tó àwọn agbẹ̀bí. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì á máa yọjú sí i, á kọ ọ́ bóyá ọmú ló ń mu tàbí ìgò, á sì tún un wọ̀n nígbà tó bá pé ọdún kan. Inú ìwé ńlá ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Kí a má purọ́, obìnrin yìí wù mí ju Barker lọ. Kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi ìwé rẹ̀ ṣe. Ó kàn rí i pé wọ́n kọ ọ́ dáadáa.

Nígbà tí àwọn ará Southampton fi rí ìwé náà níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, àwọn ìkókó inú rẹ̀ ti di bàbá àgbà tàbí olóògbé. Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ tọpa, torí obìnrin ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nílé ọkọ, kò sì rọrùn láti rí. Ọkùnrin 5,654 tí wọ́n bí láàárín 1911 sí 1930 ni. Bí a bá fi ikú àrùn ọkàn gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe 100, ti àwọn tí kò ju kílò 8.2 lọ nígbà tí wọ́n pé ọdún kan jẹ́ 111. Ti àwọn tó tó kílò 12.3 sókè jẹ́ 42. Èyí jáde ní 1989, ariwo sì ta.

Irọ́: Inú ìdílé ló wà, kò sí ohun tí oúnjẹ lè ṣe sí i

Òótọ́ ni pé àjogúnbá wà. Ibi tí irọ́ wà ni ìdajì ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n dé ní Nàìjíríà. Wọ́n dé Kamẹrúùnù àti àwọn erékùṣù Caribbean, wọ́n dé Maywood lẹ́bàá Chicago. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, nínú èèyàn 100, 16 ló ní in. Ní Caribbean, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Bàbá ńlá wọn kò jìnnà síra. Ibi tí kálukú ń gbé àti bó ṣe ń jẹ, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ló yàtọ̀.

Ti inú oyún náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní ìparí 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn Netherlands, ìyàn sì mú títí ogun fi parí ní oṣù karùn-ún 1945. Ìpín oúnjẹ ẹnì kan lóòjọ́ já wálẹ̀ dé bíi kálórì 400 sí 800. Àwọn ilé ìwòsàn ṣì ń kọ àkọsílẹ̀ ìbí wọn. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ara àwọn tó wà nínú oyún lásìkò yẹn kò lè kápá ṣúgà bíi ti àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìyàn tàbí tí ìyá wọn lóyún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí fi àwọn tí ìyá wọn lóyún wọn nínú ìyàn wé ọmọ ìyá wọn tí kò rí ìyàn. Wọ́n bá ìyàtọ̀ nínú àwọn àmì tí ara ń lẹ̀ mọ́ DNA láti fi darí iṣẹ́ rẹ̀, lórí apá kan tó jẹ mọ́ ìdàgbàsókè ọmọ. Ogún tí ìdílé fi sílẹ̀ kò yí padà. Bí ara ṣe ń lò ó ló yí, ọgọ́ta ọdún kò sì tíì pa àmì rẹ̀ rẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni: èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àgbà 1,339 ní Enugu jáde ní 2010. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n bí sínú ìyàn ogun Biafra ń ru ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga jù, inú wọn sì tóbi jù. Nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún péré ni wọ́n nígbà náà.

Irọ́: Oyún á gba tirẹ̀ lára ìyá, ìyá ìbáà yó, ìbáà má yó

Irọ́ yìí ní èkejì rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: kí aboyún má jẹun jù, kí ọmọ má baà tóbi ju ohun tó lè bí lọ. Kí ó má sì jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa datọ́. Ẹran tó dára tí kò wọ́n ni ìgbín jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìyá lábúlé, òun gan-an ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ wọn.

Ọlẹ̀ tí oúnjẹ kò tó ń ṣe bí onílé tí owó oṣù kò ká gbogbo gbèsè rẹ̀: ọpọlọ ló ń kọ́kọ́ san fún. Kíndìnrín, iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin á fara mọ́ ohun tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ wo kíndìnrín. Gbogbo asẹ́ kéékèèké tí ènìyàn máa fi sẹ́ ẹ̀jẹ̀ títí ayé rẹ̀, inú oyún ni ara ti ń dá wọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 ó ti parí, kò ní dá òmíràn mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní kékeré sábà máa ń ní díẹ̀. Kò ní hàn nígbà tó bá wà ní ọmọ ogún ọdún. Àmọ́ asẹ́ díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, àwọn kan á gbó, ẹrù wọn á tún já lé àwọn tó kù, títí ẹ̀jẹ̀ ríru á fi wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ti ìtọ̀ ṣúgà náà ń tọ irú ọ̀nà yìí. Ní 1992 Barker àti Nicholas Hales ṣàlàyé pé ara tó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣún oúnjẹ ná nínú oyún kì í mọ ohun tí yóò fi ọ̀pọ̀ ṣe nígbà tó bá dé.

Irọ́: Ọmọ tó ń jẹ ẹyin á jalè, ọmọ tó sanra ló ń jẹun dáadáa

Irọ́ méjèèjì sábà máa ń gbé inú ilé kan náà. Wọ́n á fi ẹyin du ọmọ, wọ́n á wá fi ògì lásán rọ ọ́ yó. Ní Gold Coast láyé ìjọba òyìnbó ni Cicely Williams ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fún ní kìkì ẹ̀kọ àgbàdo: ara wọn wú, irun wọn pọ́n. Òun ló mú orúkọ kwashiorkor wọ ìwé ìṣègùn láàárín ọdún 1930 sí 1935. Wíwú tí ẹnì kan lè pè ní sísanra, omi ni.

David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí lọ, wọ́n sì ń fi àmì sí káàdì kan tí ìlà rẹ̀ ń gòkè bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ìyá ọmọ ló ń mú káàdì náà lọ sílé, ilé ìwòsàn kò tọ́jú rẹ̀. Bí ìlà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á mọ̀ pé ewu ti ń bọ̀ kó tó hàn lójú ọmọ. Irú káàdì yẹn ti kárí ayé báyìí, àwa tí a ni Ìmẹ̀sí-Ilé kì í sì í fi yangàn tó bó ṣe yẹ.

Ibi tí ìlà dorí kọ ṣe pàtàkì ju iye kílò ọjọ́ kan lọ, Barker náà sì gba ọ̀nà mìíràn dé orí rẹ̀. Òun àti Johan Eriksson tọpa ènìyàn 8,760 tí wọ́n bí ní Helsinki láàárín 1934 sí 1944. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Àwọn tí àrùn ọkàn mú lágbà jẹ́ àwọn tí wọ́n bí ní kékeré, tí wọ́n tín-ín-rín ní ọmọ ọdún méjì, tí wọ́n wá ń yára sanra lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ kékeré tó rí oúnjẹ gidi jẹ kó tó pé ọdún méjì ń jàǹfààní. Èyí tí wọ́n fi bísíkíìtì àti ohun mímu aládùn san gbèsè rẹ̀ fún ní ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n kàn tún dá gbèsè mìíràn sí i lọ́rùn ni.

Irọ́: Ìwọ̀n ọjọ́ ìbí ti parí ọ̀rọ̀

Irọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Barker nìyí. Ní 2002, ìtúpalẹ̀ kan nínú Lancet fi hàn pé bí iye ènìyàn tí ìwádìí kó jọ bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ìwọ̀n ìbí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń dínkù tó. Ní Leningrad, tí ogun sé mọ́ láti 1941 sí 1944, àwọn tó wà nínú oyún lásìkò náà kò ní ìṣòro ṣúgà ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àlàyé tí àwọn kan ṣe ni pé ọ̀wọ́n kò tán níbẹ̀ lẹ́yìn ogun bó ṣe tán ní Netherlands, nítorí náà ara wọn kò bọ́ sínú ọ̀pọ̀ tí kò múra sílẹ̀ fún. Sìgá ṣì ń pani. Iyọ̀ ṣì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tí wọ́n bí ní kílò méjì tó ń rìn, tó ń jẹ ẹ̀fọ́, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, kò sí àkọsílẹ̀ Hertfordshire kankan tó dá a lẹ́jọ́ ikú.

Irọ́: Ẹ̀bi ìyá ni

Ẹyin inú obìnrin tí ọmọ ti wá, ó ti wà lára obìnrin náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú oyún ìyá rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ka ẹ̀bi, a ó ka ìyá ìyá mọ́ ọn, a ó sì ka ẹni tó ń pín ẹran nínú ilé náà. Èyí ni Barker ń tẹnu mọ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, nígbà tó ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Portland ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú: kí wọ́n bọ́ ọmọbìnrin dáadáa kí oyún tó dé.

Àwọn kan dán an wò ní àdúgbò àwọn tálákà ní Mumbai. Obìnrin tó ju 6,500 lọ ló wọ inú rẹ̀. Wọ́n ń fún apá kan ní ìpápánu tí wọ́n fi ẹ̀fọ́, èso àti wàrà ṣe lójoojúmọ́, láti ìgbà tí wọn kò tíì lóyún. Èsì ti ìwọ̀n ọmọ jáde ní 2014, Barker ti kú. Lápapọ̀, ìwọ̀n ọmọ kò yí padà. Láàárín àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó lóyún, ọmọ fi bíi gíráàmù 48 tóbi sí i. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà inú oyún, tí í máa ń ṣí ọ̀nà fún ti ìyá àti ti ọmọ lẹ́yìn ọ̀la, mú 12.4 nínú 100 lára àwọn tí kò jẹ ìpápánu náà, ó sì mú 7.3 lára àwọn tó jẹ ẹ́.